Táyà Òtútù: Ó Yẹ Àbúrò Mi ní Jámánì, Kò Yẹ Èmi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jámánì pè mí lórí fóònù, ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ táyà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ kékeré kan tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń sọ fún un pé kó tètè lọ fi táyà òtútù pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n pè fún un ló ń dùn ún. Ó ní, "Bọ̀dá mi, táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yìí kò tíì jẹ rárá. Ṣé kì í ṣe pé àwọn ará ibí yìí kàn fẹ́ràn àtimáa náwó ni?" Èmi ló bi nítorí ó mọ̀ pé ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wakọ̀ láàrin Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ táyà òtútù ti kan èmi náà rí, níhìn-ín tí a kì í ti í rí yìnyín àfi èyí tó bá bá òjò àkọ́rọ̀ wá.

Mo ní kó rà á, kó sì ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níbí, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tí táyà náà ń ṣe lọ́hùn-ún ni yóò mọ ìdí tí kò fi yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tiwa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí yìnyín nìkan ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Yìnyín wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù gan-an ni baba ọ̀rọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe táyà ìgbà ooru dà bí òrí. Ẹni tó bá ti gbé igbá òrí sílẹ̀ lóru ọyẹ́ rí mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ìka kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, àfi kéèyàn fi nǹkan há a. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táyà náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le bí ojú ọjọ́ bá ti rẹlẹ̀ dé nǹkan bí dígírì 7 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì. Kò ní lè rọ̀ mọ́ ọ̀dà bó ṣe yẹ, kódà bí ojú títì bá gbẹ tí yìnyín kankan kò sì sí níbẹ̀. Àdàlù rọ́bà mìíràn ni ti táyà òtútù, tí òtútù kì í tètè sọ di líle. Ojú rẹ̀ tún kún fún àwọn gígé tín-ín-rín, bí gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín sí ọmọ lára. Bí táyà bá ti ń yí, àwọn gbẹ́rẹ́ yìí á máa là, wọ́n á máa pa dé, wọ́n á gbá yìnyín mọ́ inú, yìnyín inú wọn á sì di èyí tó wà nílẹ̀ mú. Bí ọkọ̀ méjì bá jọ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà lórí yìnyín, èyí tó wọ táyà ìgbà ooru lè yọ̀ lọ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ibi tí èyí tó wọ táyà òtútù ti dúró.

Àbúrò mi a máa jáde nílé ní ìdájí, nígbà mìíràn kí àwọn tí ń da iyọ̀ sójú títì tó parí iṣẹ́ wọn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, n kò rí ohun tí a tún ń jiyàn lé lórí. Òfin Jámánì pàápàá kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀, nítorí láti ọdún 2010 ni wọ́n ti là á kalẹ̀ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wakọ̀ lójú títì tí yìnyín bò láìwọ táyà tó yẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, èyí tó bá ní àmì òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n kà sí táyà òtútù, lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) tí wọ́n ń kọ sétí táyà nìkan kò tó mọ́. Ẹni tó bá rú òfin náà yóò san 60 yúrò, ó kéré tán. Ti Jámánì tún rọrùn, torí bí ojú ọ̀nà bá ṣe rí ni wọ́n ń wò. Ní Quebec ti Kánádà, wọ́n ti so ọjọ́ mọ́ ọn: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ì báà sí yìnyín, ì báà má sí.

Ó tún béèrè bóyá òun lè ra méjì, kó fi wọ́n sí iwájú, bí a ti máa ń ṣe nílé. Mo ní rárá o. Bí iwájú bá di ilẹ̀ mú tí ẹ̀yìn kò di ilẹ̀ mú, ìdí ọkọ̀ ni yóò gba iwájú lọ bí ó bá yà ní kọ́nà. Ní ti owó tó ń ká a lára, kò ṣòfò tó bó ṣe rò, nítorí bí táyà òtútù bá ń ṣiṣẹ́, táyà ìgbà ooru wà nílé tó ń sinmi, kò jẹ, nígbà tó bá sì di oṣù Kẹrin, èyí tó ṣiṣẹ́ náà á wọlé lọ sinmi. Àwọn kan máa ń fi táyà gbogbo ìgbà rọ́pò méjèèjì. Ẹni tó ń gbé àárín ìlú, tí ọkọ̀ ojú irin sì lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí yìnyín bá pọ̀, lè lò ó, ṣùgbọ́n àbúrò mi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kan èmi gan-an ni mo fẹ́ sọ wàyí.

Ní ìparí ọdún 2023, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Corolla mi ti jẹ tán, owó tuntun sì ti kọjá agbára mi. Mo lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta táyà tòkunbọ̀, mo bá méjì pàdé, ìwọ̀n 195/65 R15, tí ojú wọn jin tí eyín wọn sì ga, tó fi jẹ́ pé bí kì í bá ṣe eruku ara wọn ni, ènìyàn ìbá pè wọ́n ní tuntun. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, táyà Jámánì gidi nìyí, ẹ ó lò ó títí tí ẹ ó fi gbàgbé." Owó àwọn méjèèjì kò tó ti tuntun kan ṣoṣo. Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì òkè kékeré kan wà létí wọn tí mo rí dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni mo rò pé ó ni àmì náà.

Ó di oṣù Kẹta, ní ọ̀sán gangan, mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà náà mọ bó ṣe rí: kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n tírélà ló ni ín, àwa kàn ń rá pálá láàrin wọn ni. Èyí tó wà níwájú mi rí kòtò, ó dẹsẹ̀ dúró lójijì. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ mi kò kọ̀ láti dúró, ṣùgbọ́n kò dúró síbi tí mo fọkàn sí. Ìdí rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ bàtà rọ́bà lórí ilẹ̀ tí wọ́n da òróró sí. Nígbà tó dúró, bí mo bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé iwájú, díẹ̀ ló kù kí n kan irin ẹ̀yìn tírélà náà. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè tún jíà fà.

Bàbá fọ́gánáísà kan wà ní agbègbè Tákíè tí mo máa ń lọ bá. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà kí n tó mọ ọkọ̀ wà. Wọn kò tilẹ̀ gbé jáàkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò tẹ eyín táyà náà, èékánná sì wọlé. Wọ́n tún lọ síwájú, wọ́n tẹ ti iwájú, kò wọlé. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Táyà òtútù ni. Ó dára lójú, kì í bá èèyàn kalẹ́." Wọ́n fi ìka tọ́ àmì òkè náà, wọ́n ní bí àwọn bá ti rí i, àwọn kì í bá oníbàárà dè é láìjẹ́ pé àwọn kọ́kọ́ sọ fún un. Ojú táyà tó jin tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹlẹbẹ láàárín oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá mi nu etí rẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́rin kan hàn mí: 4716. Ọ̀sẹ̀ kẹtàdínláàádọ́ta ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ó ti lé ní ọdún méje. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó a sì máa kìlọ̀ fún wa pé kí a má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Kò sí àràmọ̀ǹdà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó mú kí táyà yẹn dára lọ́dọ̀ àbúrò mi ló mú kó burú lọ́dọ̀ mi. Rọ́bà tí wọ́n ṣe kó lè wà ní rírọ̀ nínú òtútù, bí ó bá bọ́ sórí ọ̀dà Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Kẹta, tí ojú ọjọ́ wà ní bíi dígírì 35 tí ojú títì fúnra rẹ̀ sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, rírọ̀ náà á pọ̀ jù. Àwọn eyín tó kún fún gbẹ́rẹ́ á máa mì lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á máa tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn, bíréèkì á gùn sí i, ojú táyà á sì máa jẹ bí ọṣẹ abọ́. Ẹnì kan lè sọ pé àwa náà ní ọyẹ́. A ní in, a sì máa ń sunkún lé e lórí, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọyẹ́ tó mú jù lọ ní ìlú wa kì í sábà rẹlẹ̀ ju dígírì 15 lọ. Kò dé àgbègbè dígírì 7 rárá, bó bá sì fi máa di ọ̀sán, oòrùn ti padà dé. Kò sí ọjọ́ kan láàárín ọdún tí táyà òtútù fi ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn kan pé M tó wà nínú M+S dúró fún ẹrẹ̀, àti pé eyín gíga wúlò fún ọ̀nà oko ní ìgbà òjò. Bí ọkọ̀ rẹ kò bá kúrò lọ́nà oko, tí kì í sì í sáré, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ta ni ọkọ̀ rẹ̀ kì í dé orí títì nínú wa? Ọkọ̀ kan náà tó gbé iṣu bọ̀ láti oko lánàá ni yóò gbé ìyàwó lọ sí Ìbàdàn lónìí.

N kò bú ẹni tó ra tòkunbọ̀, torí èmi náà rà á. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa láti 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, orí omi ni táyà tuntun ọkọ̀ wa ti ń wá, gbogbo ìgbà tí náírà bá sì ṣubú ni owó rẹ̀ ń gòkè. Òfin àwọn aṣọ́bodè ka táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré mọ́ àwọn ẹrù tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà. Bó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àìní bá ti ká ọ mọ́, ó kéré tán, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o wo etí táyà kí o tó sanwó. Bí o bá rí òkè olórí mẹ́ta àti yìnyín, dá a padà fún ẹni tó ni ín, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jin tó. Bí o kò bá rí òkè ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kún fún gbẹ́rẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Wo nọ́ńbà mẹ́rin náà pẹ̀lú. Ní tèmi, tuntun méjì ni mo padà rà, mo san owó rẹ̀ ní ìdá mẹ́ta fún ẹni tó gbà láti dúró dè mí, owó tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ sì wọgbó.

Àbúrò mi ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ya àwòrán etí ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wo òkè náà bóyá òun ni mo ń wí. Láti ìgbà náà ni ojú mi kò ti kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe jáde ní ìsìn, mo rọra yí ọkọ̀ mọ́kànlá po nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mẹ́ta nínú wọn ló ní àmì náà. Ọ̀kan jẹ́ ti olórí ẹgbẹ́ akọrin, tí mo mọ̀ pé ó ń lọ sí Èkó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi jáde.