Nọ́ńbà fóònù àtijọ́ kì í dúró de ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti pín kóòdù

Ní Òṣogbo níbí, ọ̀pọ̀ ilé ṣì ní ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà sí láyé fóònù NITEL. Ohun tí àwọn tó ni ìwé bẹ́ẹ̀ sì gbà gbọ́ ni pé, bí wọ́n tilẹ̀ pín kóòdù agbègbè ibẹ̀ sí méjì, nọ́ńbà náà yóò ṣì máa bá ẹbí wọn, tàbí, bí ó bá burú tán, kò ní wọlé rárá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Nọ́ńbà náà lè wọlé dáadáa, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ yín rí ni yóò gbé e.

Kóòdù agbègbè ni òǹkà tó ṣáájú, bí 035 ṣe jẹ́ ti Òṣogbo láyé NITEL. Ní Amẹ́ríkà, òǹkà méje ló ń tẹ̀ lé e, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ 0 tàbí 1, nítorí náà kóòdù kan kò lè gba ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 nọ́ńbà lọ. Bí àyè bá ti fẹ́ tán, wọ́n á pín agbègbè náà: apá kan á di kóòdù àtijọ́ mú, apá kejì á gba tuntun, ṣùgbọ́n òǹkà méje tí oníkálùkù ní kò ní yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni Brooklyn, Queens àti Staten Island ṣe kúrò lábẹ́ 212 ní New York bọ́ sí 718 ní ọdún 1984, tí Bronx sì tẹ̀ lé wọn lọ ní 1992. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ará ẹ̀yìn ìlú Houston ṣe fi 713 sílẹ̀ fún 281 ní 1996.

Lójú tèmi, oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló bí àṣìṣe yìí. Ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń fàyè sílẹ̀, nígbà mìíràn fún bí oṣù mẹ́fà, tí kóòdù méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì fi ti àtijọ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lásìkò náà á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí. Lẹ́yìn náà, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ á máa sọ fún ẹni tó ń pè pé kóòdù ti yí padà. Nígbà tó bá tún yá, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún oníbàárà tuntun. Kò sì lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀, torí àyè ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi pín kóòdù: bí gbogbo nọ́ńbà 212 àtijọ́ bá ṣì ń gbé ìpè lọ sí Brooklyn, àyè wo ni ìpín náà dá sílẹ̀ fún Manhattan, apá New York tó di 212 mú?

Ẹni tó bá ní nọ́ńbà Brooklyn ti ọdún 1983 lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ fi 718 rọ́pò 212, kí ó sì fi òǹkà méje tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ilé tàbí ti owó fún ẹni tó bá gbé e kí ẹ tó dá a mọ̀ dájú.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kì í yí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni padà. Wọ́n á kàn fi kóòdù tuntun kún ti tẹ́lẹ̀ ní agbègbè kan náà, bí wọ́n ṣe fi 917 kún un ní New York ní 1992, tàbí bí 0806 àti 0703 ṣe dé lọ́dọ̀ wa láìgba 0803 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà yìí ni Amẹ́ríkà ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti pín ti New Mexico ní 2007, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ ṣáájú ọdún yẹn nìkan ni ìpín kóòdù lè kàn.