Ẹ Jẹ́ Kí Abiyamọ Wọlé Ti Ọmọ Rẹ̀

Bí obìnrin bá bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní Èkó, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò gbé ìkókó náà sínú íńkúbétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú kí ara ọmọ móoru, ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, ìyá rẹ̀ yóò sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde títí wọn yóò fi pè é. Yóò fún omi ọmú sínú ife, nọ́ọ̀sì yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba imú ọmọ wọlé fún un mu. Bí wọ́n bá dá ìyá sílẹ̀ ṣáájú ọmọ, ó di kó máa wọkọ̀ láti Ìkòròdú wá sí Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́, nígbà tí ojú ibi tí wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ kò tíì jinná.

Lójú tiwa, ìṣe yìí gbọ́dọ̀ dópin. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. A kò rí ìdí tí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù yóò fi dí i lọ́nà.

Ìwádìí kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé darí, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, wáyé ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Wọ́n gbé ibùsùn àwọn ìyá sínú wọ́ọ̀dù àkànṣe gan-an, wọ́n sì ń so àwọn ọmọ tí wọn kò tó kílò 1.8 mọ́ wọn láyà, ara kan ara, kété tí wọ́n bá ti bí wọn. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n tọ́jú lọ́nà àtẹ̀yìnwá, nǹkan bíi 16 ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Láàrin àwọn tí ìyá gbé sáyà, 12 ni. Àkóràn tí àwọn ilé ìwòsàn ń bẹ̀rù pé ìyá yóò kó wọlé, ṣe ló tún dín kù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àjọ náà gba gbogbo orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìdílé sínú ìtọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àìní ló bí ọgbọ́n yìí. Ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, íńkúbétọ̀ ni kò tó tí Dókítà Edgar Rey fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978. Ní Tallinn, lórílẹ̀-èdè Estonia, àwọn nọ́ọ̀sì ni kò tó tí wọ́n fi jẹ́ kí àwọn ìyá wọlé wá tọ́jú ọmọ wọn. Èkó tí iná ọba ń ṣe ségesège, tí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń kó lọ sí òkè òkun, mọ ìṣòro méjèèjì dáadáa.

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí ìyá di nọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni oògùn, ọ́síjìn àti ẹ̀rọ yóò wà. Òun náà ni yóò kọ́ àwọn òbí bí a ṣe ń fọwọ́ dáadáa, bí a ṣe ń pààrọ̀ ìlédìí láìjẹ́ kí òtútù mú ọmọ, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé mímí rẹ̀ ti yí padà. Iṣẹ́ ńlá ni ìkọ́ni yìí, nítorí náà kí ìjọba ìpínlẹ̀ gba nọ́ọ̀sì sí i, kí ó sì san owó tó tọ́ sí wọn.

Bàbá tó pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ní Ìdúmọ̀tà, tó dé ilé ìwòsàn ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò yẹ lẹ́ni tí wọn yóò sọ fún pé àkókò àbẹ̀wò ti kọjá. Òun náà ní àyà tó lè gbé ọmọ sí.

Kí ìjọba ya owó àga, ibùsùn, omi àti ilé ìwẹ̀ àwọn òbí sọ́tọ̀ nínú ìṣúná tó ń bọ̀, fún gbogbo ilé ìwòsàn rẹ̀ tó ní irú wọ́ọ̀dù yìí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kọ ọ́ mọ́ gbèsè ìdílé náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé ọmọ wọn lọ sílé.