Kò sí ìwádìí Yale ti 1953 yẹn

Dáyárì tí mo lọ gbà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú lọ́sẹ̀ tó kọjá, òórùn íǹkì ṣì wà lára rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tó ń yí kiri lórí WhatsApp sí: pé ní Yunifásítì Yale lọ́dún 1953, ìdá 3 péré nínú 100 àwọn tó ń jáde ló kọ àfojúsùn wọn sílẹ̀, pé lẹ́yìn 20 ọdún, owó wọn ju ti ìdá 97 yòókù lápapọ̀ lọ.

Irọ́ ni. Yale fúnra wọn wá a títí, wọn ò rí i. Nígbà tí ìwé ìròyìn Fast Company tọpasẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1996, àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kàn ń nàka síra wọn ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní Harvard ni.

Èyí tó jóòótọ́ ò dùn-ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Gail Matthews ti Dominican University ní Kalifóníà ṣèwádìí tiẹ̀. Àwọn tó kọ àfojúsùn sílẹ̀ ṣe ju àwọn tó kàn rò ó lọ. Àwọn tó ń jábọ̀ fún ọ̀rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ṣe dáadáa jù. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀ di olówó.

Lọ́dún tó kọjá, "kí n tẹ̀ síwájú lẹ́nu iṣẹ́" ni mo kọ. Tọdún yìí: "Màá parí kọ́ọ̀sì Excel kí oṣù Kẹta tó tán. Àǹtí mi ní Yábàá ni màá máa jábọ̀ fún." Àǹtí ti ní tóun ò bá gbóhùn mi lọ́jọ́ Àìkú, òun ń bọ̀ wá kanlẹ̀kùn.