Èsì wa sí review star méjì lórí ìrìnàjò mímọ́ Ireland ti oṣù August

Ẹ ǹlẹ́ mà. A rí review yín, a dúpẹ́ pé ẹ wáyè kọ ọ́.

Mi ò bá má fèsì o, àmọ́ àwọn èèyàn ti ń fi screenshot ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Lagos, láti Peckham, kódà fadá kan fi ránṣẹ́ tó ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni, àwọn àgbà sì ti ní ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ẹni tó fẹ́ bá wa lọ lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́ tẹnu tiwa náà.

Fún àwọn tí kò tíì ka ohun tí màmá kọ: wọ́n ní àwọn sanwó láti wá wo Ireland, òjò àti kùrukùru làwọn rí. Wọ́n ní a ò jẹ́ kí àwọn gun òkè Croagh Patrick, a mú àwọn lọ wo "orí òkú" ní Drogheda àti "sàréè àwọn òyìnbó" ní Cork, a ò wá mú àwọn dé ibojì Patrick Mímọ́ fúnra ẹ̀, dírẹ́bà ń fi àsìkò àwọn ṣòfò, ebi sì pa àwọn. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa ohùn tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa fi dá wọn lóhùn, ìyẹn la ti parí láàárín ara wa, mi ò ní gbé e wá síta. Ti àpótí tó pẹ́ kó tó dé, ẹ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, àwa kọ́ la ni bàálù.

Ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí òjò. Mà, Ireland ni, etí òkun Atlantic ni. Nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn ní 2 June, ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ tó débi tí a ti sọ̀rọ̀ owó rárá, a kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹ mú ẹ̀wù òjò dání. Òótọ́ ni pé nígbà tí a dé Cliffs of Moher (ìyẹn ògiri àpáta tó ga sókè létí òkun) ní Sunday 24 August, lẹ́yìn tí a jáde ní Mísà ní kàtídírà Galway, kùrukùru ti bo gbogbo ibẹ̀. Ibi tó ga jù níbẹ̀ fi mítà 214 ga ju òkun lọ, tí kùrukùru bá ti sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó dúró tì yín. Ṣùgbọ́n a ò sá. Guide wa dúró pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ dúró, nígbà tó fi máa tó nǹkan bí aago mẹ́rin ojú ọjọ́ ṣí díẹ̀, àwọn tó wà níta rí ògiri àpáta yẹn látòkè délẹ̀, wọ́n rí omi tó ń fọ́ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, fọ́tò ọ̀hún wà lórí WhatsApp group títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Inú káfẹ́ lẹ̀yin wà, ẹ ń mu tíì. Mi ò bá yín wí, òtútù mú. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ síta pé "kò sẹ́nì kankan tó rí nǹkan kan."

Ó sì yà mí lẹ́nu pé òjò ló bí yín nínú tó báyìí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Knock, ìlú kékeré ní Mayo tí Ìyá wa Màríà ti fara hàn, ní 21 August gan-an. Ọjọ́ yẹn ní 1879, inú òjò làwọn èèyàn bíi 15 dúró sí, bíi wákàtí méjì gbáko, wọ́n kọjú sí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ń ka rósárì, ọmọ ọdún 5 wà nínú wọn. Wọ́n rí Ìyá wa Màríà, wọ́n rí Jósẹ́fù Mímọ́ àti Jòhánù Ajíhìnrere, wọ́n rí Ọ̀dọ́ Àgùntàn lórí pẹpẹ. Òjò rin wọ́n gbingbin, bẹ́ẹ̀ wọ́n jẹ́rìí pé ilẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri yẹn gbẹ. Mi ò gbọ́ pé ọ̀kankan nínú wọn fún un ní star méjì.

Kí ẹ tún mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kò ṣèèṣì bọ́ sí àárín ìrìnàjò wa. Novena ńlá Knock, ìyẹn àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án, máa ń wáyé láti 14 sí 22 August lọ́dọọdún, rírí yàrá níbẹ̀ lásìkò yẹn kì í ṣe eré, ọdún tó ṣáájú la ti gba yàrá sílẹ̀. Ibi tí Póòpù John Paul Kejì wá ní 1979 tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí Póòpù Francis náà wá ní 2018, ibẹ̀ lẹ sùn sí ní àyájọ́ ọjọ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ sórí group pé omi ń bọ́ lójú yín, ẹ ní kí gbogbo wa kí fadá fún yín. Mo ka review yín láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tí ẹ ti dárúkọ Knock.

Ọ̀rọ̀ Croagh Patrick ló dùn mí jù. Ẹ kọ ọ́ bíi pé ìlara ló mú wa dí yín lọ́nà. Òkè yẹn ga ní mítà 764. Ìtàn sọ pé Patrick Mímọ́ gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lórí ẹ̀ ní 441, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lórí ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1905, ẹni tí ara ẹ̀ le gan-an sì máa lo bíi wákàtí méjì kó tó dókè. Ìsàlẹ̀ ò burú. Ibi ṣóńṣó òkè yẹn ni wàhálà wà, òkúta wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, òkúta á yọ̀ lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn lẹ máa bá ara yín. Ní 22 August yẹn atẹ́gùn ń fẹ́, òjò ń rọ̀, màmá wa sọ̀kalẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú sálúbàtà olókùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán lójú. Òṣìṣẹ́ wa obìnrin tó máa ń rìn kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀ kó tó bá wa ṣiṣẹ́, òun ló dá yín dúró níbi ère Patrick Mímọ́ tó wà nísàlẹ̀, tó mú bàtà míì wá fún yín látinú bọ́ọ̀sì, ẹ ní ẹ ò wá Ireland wá wọ bàtà ẹlòmíì. Ó dáa náà. Ó ní kí ẹ jókòó ká jọ ka rósárì, ẹ ní òun ń rí yín fín.

Ẹ ní ẹ ti rí fọ́tò àwọn tó fẹsẹ̀ lásán gun òkè yẹn. Wọ́n wà lóòótọ́. Reek Sunday nìyẹn, Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù July, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa ń wà lórí òkè lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń gbé èèyàn tó bá ṣèṣe sọ̀kalẹ̀ náà máa ń wà ní sẹpẹ́. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ lásán gùn ún, ẹ̀jẹ́ ni wọ́n ń san, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti mọ òkè yẹn láti kékeré. Tí ẹsẹ̀ yín bá yẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ yín tó wà ní Manchester ò ní pe Patrick Mímọ́, èmi ló máa pè.

Ẹ ẹ̀ rí i, "orí òkú" tí ẹ kọ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ pa á rẹ́, torí ẹnu yín ni. Orí Oliver Plunkett Mímọ́ ni, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Armagh, tí wọ́n parọ́ ọ̀tẹ̀ mọ́, tí wọ́n pa ní Tyburn ní London ní 1 July 1681, tí Póòpù Paul Kẹfà kéde ẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1975. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Drogheda ni orí ẹ̀ wà, nínú àpótí onígíláàsì. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò bá gbà á lè jókòó sẹ́yìn kó máa gbàdúrà tiẹ̀, guide sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó wọlé, a ò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni débẹ̀. Iwájú lẹ wà, ẹ ń ṣe fídíò.

Ibojì Patrick Mímọ́ ńkọ́? Downpatrick ni wọ́n ti ń fi òkúta ibojì ẹ̀ han èèyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà Áńgílíkà, Downpatrick sì wà ní Northern Ireland, ìyẹn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Armagh náà bẹ́ẹ̀. Físà Ireland lẹ gbà sórí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín, kò gbé yín dé ọ̀hún, físà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Lóòótọ́ kò sí géètì lójú títì níbẹ̀, dírẹ́bà lè wakọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni má rí i, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sọ pé "kí ló le níbẹ̀." Ohun tó le níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa lọ́jọ́ náà, físà tó ń bọ̀ ti bàjẹ́ fún un nìyẹn, orúkọ tèmi náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn. Mo ti sọ èyí nínú voice note ní 9 July. Ẹ fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Dírẹ́bà wa, bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ ará Mayo, tí ẹ ní "ó kàn ń jókòó mu tíì." Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni o. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tó bá rú u òun ló máa sanwó ìtanràn. Bàbá yẹn gbé àpótí yín mẹ́ta gòkè àtẹ̀gùn ní Westport.

Oúnjẹ. Oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ wà nínú owó tí ẹ san, ti ọ̀sán ò sí níbẹ̀, ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ fọwọ́ sí ní 11 March. Ibi kankan ò sí tí a ti ṣèlérí àmàlà. Síbẹ̀ ní Dublin ní 19 August a ní kí obìnrin Yorùbá kan se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran wá bá wa, owó ara wa la fi ṣe é, ẹ sì tún bù sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ebi kó lọ sí Lough Derg ní Donegal. Ọjọ́ mẹ́ta ni ti ibẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà yín, tíì aláìnímílíìkì àti búrẹ́dì gbígbẹ lẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ ò ní sùn lóru àkọ́kọ́, àdúrà ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí irú yín la ò ṣe fi í sínú ètò.

Wilton ní Cork ló kù. "Sàréè àwọn òyìnbó." Mà, àwọn fadá SMA (Society of African Missions, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì) ló sùn níbẹ̀, àwọn tó fi ilé bàbá wọn sílẹ̀ wá sí ilẹ̀ wa nígbà tí ibà ń pa wọ́n, tí wọ́n kọ́ èdè wa, tí wọ́n ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Yorùbá. Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí Ìbàdàn ní, Richard Finn, ará Ireland ni, ọmọ ẹgbẹ́ SMA ni. Bíṣọ́ọ̀bù William Field tó wà ní Oǹdó nígbà kan, ibì kan náà ni. Wọ́n tiẹ̀ fi Patrick Mímọ́ ṣe alágbàwí Nàìjíríà ní 1961. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ wa rí orúkọ fadá tó ṣèrìbọmi fún un lórí òkúta níbẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò lè dìde fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin ń pariwo sí wa létí pé ká máa lọ, ọjà ti fẹ́ tú. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ló ń ṣètò nǹkan yìí, Wilton ni mi ò ní yọ kúrò láé, ká yọ Cliffs of Moher.

Ó dáa. A ò ní í jẹ́ kó di pé a jẹ owó ẹnikẹ́ni. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Cliffs of Moher yín, a máa dá a padà sínú àkáǹtì tí ẹ fi sanwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa náà ti san án lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá sì fẹ́ bá wa lọ lọ́dún tó ń bọ̀, a máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún yín, yálà ẹ yí star yẹn padà tàbí ẹ ò yí i. Nọ́ọ̀sì wa ní kí n bi yín ní nọ́ńbà bàtà yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá lábẹ́ review yìí, fọ́ọ̀mù máa jáde ní January. Ìjókòó iwájú bọ́ọ̀sì ti tán o, àwọn tó bá màmá lọ ní August ló ti gbà á.