Ìdánwò Ìgbanisíṣẹ́ Gbọ́dọ̀ Ní Òpin

Ilé-iṣẹ́ kan bá ẹnì kan tó ń wáṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kó ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, ó ṣe é. Ó bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀, ó bá ọ̀gá kejì sọ̀rọ̀, ó tún jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Wọ́n wá gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ pé kó lọ ṣe é nílé, kó dá a padà lọ́jọ́ kẹta. Ó fi oorun du ojú, ó parí ẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò gbúròó wọn mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ ló ti jẹ irú ìyà yìí, ó sì tó gẹ́ẹ́.

A ò sọ pé kí agbanisíṣẹ́ dijú mú òṣìṣẹ́. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ìpele tó pọ̀ kọ́ ló ń fini lọ́kàn balẹ̀. Google, tí wọ́n mọ̀ nígbà kan sí pípe èèyàn lápètúnpè, yẹ àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́rin ti tó. Èyí tó bá lé lórí ẹ̀, díẹ̀ ló ń fi kún un. Lọ́dún 2013, Laszlo Bock tó ń darí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n ń bi èèyàn, irú bíi iye bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó lè kún inú bàálù, fífi àkókò ṣòfò ni.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́? Frank Schmidt àti John Hunter, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kó ìwádìí ọdún 85 lórí ọ̀nà ìgbanisíṣẹ́ jọ lọ́dún 1998. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2022. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ti ṣètò ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń bi gbogbo èèyàn ní nǹkan kan náà, tí wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n, borí ìtàkùrọ̀sọ lásán. Ìmúrasílẹ̀ nìkan ló ń ná ilé-iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ọ̀gá àkọ́kọ́ ò múra, ó ní "sọ fún wa nípa ara rẹ", ìkejì ò ka ohun tí àkọ́kọ́ kọ, òun náà tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àìmúrasílẹ̀ wọn ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ san.

Iṣẹ́ àmúrelé ló dùn wá jù. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lójúmọmọ, tó délé tó tún ń tọ́mọ, ìgbà wo ló fẹ́ ṣe é? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni yóò borí, kì í ṣe ẹni tó mọ iṣẹ́ jù. Kó má ju wákàtí méjì lọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì lè lo ohun tó ṣe, kí wọ́n sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Kí wọ́n kọ iye ìpele àti ọjọ́ tí èsì yóò jáde sínú ìpolówó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba sọ ọ́ dòfin, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì béèrè fún un. Gbólóhùn méjì péré ti tó fún ẹni tí wọn ò gbà. Ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìdánwò yín kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa yẹ fóònù wò láràárọ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ti ń jókòó sórí àga náà láti oṣù tó kọjá.