Ẹ yé pe RAID ní backup

Wọ́n tún sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́: "A ti ra NAS, a ti to RAID 5 sí i, kí la tún fẹ́ fi backup ṣe?" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. NAS ni àpótí dísìkì tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì; RAID ni ètò tó so àwọn dísìkì inú rẹ̀ pọ̀ bí ọ̀kan; backup ni ẹ̀dà fáìlì tí a pa mọ́ síbòmíràn. Ilé iṣẹ́ tó bá gbà á gbọ́ kì í mọ̀ pé irọ́ ni títí di ọjọ́ tí fáìlì bá lọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni RAID ń ṣe: bí dísìkì bá kú, kí iṣẹ́ má dúró. Nígbà tí Patterson, Gibson àti Katz kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Berkeley ní 1988, bí dísìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú ṣe lè pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ dísìkì ńlá ni wọ́n ń rò, kí ikú ọ̀kan má sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ to dísìkì 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 TB, sí RAID 5: ẹ óò rí 24 TB lò, ọ̀kan lè kú. Ní RAID 6, 16 TB ni ẹ óò rí, méjì lè kú. RAID 0 ò gba ikú kankan. Ó parí síbẹ̀. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa fódà owó oṣù rẹ́, lójú ẹsẹ̀ ni RAID á bá a pa á rẹ́ lórí dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ohun tí wọ́n dá a fún nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Àwọn ọ̀daràn gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú àwọn NAS tí ilé iṣẹ́ QNAP ṣe káàkiri ayé, wọ́n fi 7-Zip, ètò tó ń di fáìlì pọ̀, di fáìlì àwọn èèyàn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì wọ́n pa, wọ́n ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan san 0.01 bitcoin. Qlocker ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ní RAID 1, ẹni tó ní RAID 6, bákan náà ni ọ̀rọ̀ wọn rí: dísìkì kankan ò kú, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lórí gbogbo wọn, fáìlì ò sì ṣeé ṣí. Ẹni tó ní ẹ̀dà níbòmíràn kàn nu ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ni, ó sì dá fáìlì padà sí i. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, iná jó ilé SBG2 tí OVH, ilé iṣẹ́ tó ń fi server háyà, ń kó server sí ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. RAID ẹni kankan ò gbà á lọ́wọ́ iná. Àwọn oníbàárà tí gbogbo ẹ̀dà wọn wà nínú ilé yẹn pàdánù rẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àní lórí ikú dísìkì gan-an, tí í ṣe iṣẹ́ RAID, ẹ má fọkàn balẹ̀ jù. Bí dísìkì 8 TB bá kú tí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ ní láti kọ 8 TB náà látòkè délẹ̀. Bó bá ń kọ 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á tó wákàtí 15. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń lò ó lọ́wọ́, ó lè di ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn, RAID 5 wà níhòòhò, àwọn dísìkì mẹ́ta tó kù sì ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Ọjọ́ kan náà lẹ ra wọn, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Lórí ìwé ọ̀pọ̀ dísìkì olówó kékeré, wọ́n kọ ọ́ pé àṣìṣe kan lè wáyé nínú kíka bit 10¹⁴, ìyẹn 12.5 TB; àtúnkọ yìí á sì ka 24 TB. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ dísìkì ń ṣe dáadáa ju ohun tí ìwé wí lọ. Ta ló wá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ owó ilé iṣẹ́ dán an wò?

Ọwọ́ èèyàn tún wà níbẹ̀. Iná pupa ń ṣẹ́jú, ojú ìwé ìṣàkóso ní disk 3 ló kú. Ṣé láti 0 ni wọ́n ti kà á ni, àbí láti 1? Ẹni tí kò béèrè á fa èyí tó wà láàyè yọ, RAID 5 á sì wó níbẹ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí dísìkì tó wọ ihò, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn serial rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀) sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tray, ìyẹn férémù tí dísìkì jókòó sí. Bí ọ̀kan bá kú, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ wá, ẹ má ka ihò.

Wọ́n á ní ọdún mẹ́fà rèé, nǹkan kan ò ṣe é. Wọ́n á ní snapshot wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí fáìlì ṣe rí ní àkókò kan. Snapshot dára, ẹ ṣètò rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, ṣùgbọ́n orí dísìkì kan náà ló ń gbé. Bí pool, ìyẹn àkójọ dísìkì náà, bá lọ, á bá a lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ to NAS 2U oníhò 8 (èyí tó gba ìpele méjì) sínú rack, ìyẹn férémù irin tí a ń to ẹ̀rọ sí, ìsàlẹ̀ rack ni kí ẹ de rail rẹ̀, irin tó máa jókòó lé, sí, níwájú àti lẹ́yìn. Kí èèyàn méjì gbé e wọlé ní òfìfo, kí ẹ tó ki dísìkì sí i. Dísìkì 8 nìkan tó kílò 5 sí 6. RAID 6 ni kí ẹ fún un, kí ó máa ṣe scrub lóṣooṣù, ìyẹn kíka gbogbo dísìkì láti wá àṣìṣe. Bí power supply rẹ̀ bá jẹ́ méjì, ẹ má ki méjèèjì bọ UPS kan (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ). Wáyà USB láti UPS sí NAS ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé sínú páálí, bẹ́ẹ̀ láìsí i NAS ò lè mọ̀ pé iná ti lọ. Bátìrì á tán mọ́ ọn lọ́wọ́, á kú níbi tó ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́, dísìkì kan á ti gba tirẹ̀, èkejì ò ní tíì gbà á. Nílùú tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí ó má dúró de jẹnẹrétọ̀.

Lẹ́yìn náà ni backup tó kàn. Ẹ gbé ẹ̀rọ kejì sí ilé mìíràn, kí òun fúnra rẹ̀ máa wá fa fáìlì lára NAS, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn má sì jọra. Ẹni tó bá jí ti NAS ò ní lè pa ẹ̀dà rẹ́. Ẹ má fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé ti àkọ́kọ́: 4 TB lórí ìlà tó ń fi 20 Mbps ránṣẹ́ á gba ọjọ́ 18 ó lé. Ẹ kó o sínú dísìkì USB, kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀, kí ìlà wá máa gbé àyípadà ojoojúmọ́.

Kí ẹ sì dán ìdápadà wò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn pa kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́, pa nǹkan bí 300 GB rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n wá backup lọ, ibi ìpamọ́ ṣófo: ó ti pẹ́ tí kò ti ṣiṣẹ́ mọ́, ímeèlì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó ò sì dé. Snapshot kan tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí 6 ṣáájú ló yọ wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú fáìlì mẹ́ta látinú ẹ̀dà, ọ̀kan nínú wọn kó jẹ́ ti oṣù tó kọjá, kí ẹ dá wọn padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí wọn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà àti orúkọ ẹni tó ṣe é sórí bébà tó wà lára ilẹ̀kùn rack.