Èsì wa sí oníbàárà tó ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà Nikkor 50mm f/1.4

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣé tí ẹ fi fọ́tò náà hàn wá. Ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa ò bí wa nínú, àmọ́ "ayédèrú" tí ẹ pe lẹ́ǹsì yẹn la gbọ́dọ̀ fèsì sí. Ẹ ní irú rẹ̀ ni bàbá yín fi ń ya gbogbo ẹbí ní pálọ̀ lórí fíìmù, tiyín ń gé èèyàn dànù, ó tún fi àwọ̀ àlùkò yí etí aṣọ funfun ká níbi Ọdún Ọ̀ṣun.

Ojúlówó ni o. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yàtọ̀. Fíìmù bàbá yín jẹ́ 36 × 24 mm. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà Nikon D7000 yín, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù, ò ju 23.6 × 15.6 mm lọ. Àárín àwòrán nìkan ló ń gbà, ló fi dà bíi pé 75mm lẹ gbé dání. Ẹ lè fà sẹ́yìn, bí ògiri pálọ̀ bá gbà.

Ti àwọ̀ àlùkò yẹn, bí ojú lẹ́ǹsì bá ṣí tán ní f/1.4, kì í kó gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan náà. Aṣọ funfun lábẹ́ òjìji igi ló sì máa ń tú u fó. Ó wà láyé fíìmù náà, fọ́tò bébà kékeré, 4 × 6 íǹṣì, ló ń bò ó. Ta ló fẹ fọ́tò bàbá yín dé 100% rí, bí ẹ ṣe ń fẹ tiyín lójú kọ̀ǹpútà?

Tí oòrùn bá kọjú sí yín, tí fọ́tò wá ṣú bí ìgbà ọyẹ́, gíláàsì iwájú sẹ́ńsọ̀ ló ń dán: ó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì ń dá a padà. Fíìmù kì í dán tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ ṣoríire. Àwọn lẹ́ǹsì wide (tó ń gba ibi tó fẹ̀) ti rangefinder, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, tí ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fíìmù ló le jù, torí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ etí sẹ́ńsọ̀. Fíìmù ń gba irú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kì í fẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Leica gbé M8, rangefinder tó ń lo sẹ́ńsọ̀, jáde ní 2006, wọ́n ní láti sún àwọn lẹ́ǹsì wínníwínní orí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ 27 × 18 mm ni wọ́n fi mọ, kò tó fíìmù.

Ẹ dín ojú lẹ́ǹsì yín kù sí f/4, ẹ fi họ́ọ̀dù (ìbòrí tó ń dí oòrùn) sí i, ẹ tẹ 50 àti 1.4 sí "Non-CPU lens data" nínú kámẹ́rà, kó lè mọ irú lẹ́ǹsì tó wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni, nítorí fọ́tò ojú ìyàwó nìkan, mi ò ní tà á. Bó bá jẹ́ ti pálọ̀ ló ká yín lára, 35mm lẹ nílò: ẹ gbé 50mm yín wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ókè-Fìà, ká bá yín pààrọ̀ rẹ̀.